Ọdún Lúkúlúkú: Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú Aláìsàn ní Èkó àti Ilẹ̀ Yorùbá ní 1918

Kí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí tó di ohun tó wà nínú gbogbo ilé, ohun ńlá tó bá ṣẹlẹ̀ láwùjọ ni àwọn Yorùbá fi ń ka ọjọ́ orí, àwọn àgbà a sì máa sọ pé ọdún lúkúlúkú ni wọ́n bí lágbájá, tàbí pé lágbájá ti ń rìn kí lúkúlúkú tó dé. Ọdún 1918 ni wọ́n ń sọ. Lúkúlúkú ni orúkọ tí wọ́n pe àjàkálẹ̀-àrùn ọ̀fìnkìn líle tó jà káyé ní ìparí Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní influenza. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn tó ń sin adìyẹ ń pe àrùn tó máa ń wọ ilé adìyẹ ní alẹ́, tí ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí òkú yóò ti kún inú rẹ̀, tí àwọn tó kù yóò sì máa sùúyẹ̀. Bí àrùn 1918 ṣe rí gan-an nìyẹn lójú àwọn tó wà níbẹ̀: kì í ṣe ènìyàn kan ló ń dùbúlẹ̀ nínú ilé, gbogbo agbo ilé ló ń dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí àrùn yìí gbé wá ni pé ó jọ ohun tí kò yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Orí a máa fọ́ aláìsàn, ara a máa gbóná, ẹ̀yìn àti oríkèé a máa ro ó, ikọ́ gbígbẹ a sì máa hàn án léèmọ̀, èyí tí kò yàtọ̀ sí ọ̀fìnkìn tàbí ibà tí ènìyàn ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, láàárín ọjọ́ mélòó kan, àrùn náà a di òtútù àyà, ìyẹn ni pé ẹ̀dọ̀fóró a kún fún omi, mímí a di iṣẹ́, itọ́ a máa pọ́n fún ẹ̀jẹ̀, ètè a sì dúdú. Àwọn géńdé tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ogún ọdún sí ogójì ló pa jù ní gbogbo ayé, èyí tó lòdì sí bí ọ̀fìnkìn ṣe máa ń ṣe, nítorí àwọn ìkókó àti arúgbó ni ọ̀fìnkìn sábà máa ń gbé lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí àrùn bá ràn lè lo ọjọ́ kan sí mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó gbóná, ó sì lè ti máa kó o ran ẹlòmíràn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ara òun kò yá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní láti fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ojú ni gbogbo àyẹ̀wò ayé ìgbà náà gbára lé.

Orí omi ni àrùn náà gbà wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1918, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ HMS Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró, pẹ̀lú bí igba atukọ̀ tí àrùn ń ṣe tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn. Èédú ni àwọn ọkọ̀ ń jó nígbà náà, Freetown sì ni ibi tí wọ́n ti ń rà á. Àwọn alágbàṣe ìlú náà ló máa ń ru èédú sínú ọkọ̀, tí wọ́n á gun inú rẹ̀ lọ, tí wọ́n á sì padà sílé wọn lálẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27 oṣù náà, nínú 600 òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ èédú ibẹ̀ ní, 500 ni kò lè wá síbi iṣẹ́. Freetown kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwọn Yorùbá. Ibẹ̀ ni àwọn ẹrú Yorùbá tí àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ti di ọmọ ìlú, ibẹ̀ sì ni àwọn Sàró tó padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ti wá, tí wọ́n ṣì ní ìyá, ẹ̀gbọ́n àti oníbàárà níbẹ̀. Ọ̀nà òkun tí lẹ́tà àti ọjà ń gbà láàárín àwọn ẹbí yìí ni àrùn náà gbà: láti Freetown ó dé etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí ní ìparí oṣù Kẹjọ, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ SS Bida kó èrò láti Accra wọ Èkó, àwọn aláìsàn sì wà nínú wọn.

Èkó kì í ṣe ìlú tí kò ní ètò ìlera rárá. Dókítà ni William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà láti 1899 sí 1904, kí ó tó di gómìnà, àsìkò rẹ̀ sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ẹrẹ̀ kúrò nílẹ̀ àbàtà tí wọ́n sì ń pín kíníìnì fún àwọn ènìyàn nítorí ibà. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Broad Street. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tó kàwé gboyè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí Oguntola Sapara tó ti bá ìgbóná jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ogun ti kó nínú àwọn dókítà ìjọba lọ sí ojú ogun, gbogbo ohun tí wọ́n sì mọ̀ nípa àyẹ̀wò etíkun ni wọ́n ti kọ́ lára àrùn tó yàtọ̀ sí èyí. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé dókítà èbúté a wọ inú ọkọ̀ kí èrò tó bọ́ sílẹ̀. A béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣàìsàn tàbí kú lójú òkun. A wo ojú àti ahọ́n àwọn èrò, a di ọwọ́ wọn mú láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń sáré, a sì fi ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn ooru ara sí ẹni tó bá fura sí lẹ́nu. Ìgbóná a máa yọ sójú, ibà pọ́njú a máa pọ́n ojú, ẹni tó bá ní wọn kò lè fi wọ́n pamọ́ pẹ́. Ẹni tí lúkúlúkú ràn ní Accra lánàá a máa rẹ́rìn-ín kí dókítà káàárọ̀ ní èbúté Èkó, ara rẹ̀ tutù bí omi àmù, a sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ẹbí rẹ̀.

Nígbà tó hàn pé àrùn ti wọ ìlú, ìjọba gbé àyẹ̀wò kúrò ní èbúté lọ sínú ilé. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ilé ìjọsìn pa, wọ́n ń kó aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n sì rán àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó láti ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn kàn àti láti fi oògùn apakòkòrò fọ ilé. Orúkọ tí àwọn ará Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni wolé-wolé, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wọ àgbàlá onílé kí wọ́n sì wo inú àmù rẹ̀ bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bóyá ó dọ̀tí, kí wọ́n sì pe ẹni tó bá jẹ̀bi lọ sí kóòtù. Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹ owó ìjọba, bóyá ni a rí ẹni tí àwọn ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ tó wolé-wolé, a kò sì lè sọ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ti ń san owó ìtanràn fún un ni ìjọba wá ń retí pé kó fi ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn hàn án.

Wọn kò fi hàn án. Wọ́n gbé aláìsàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, àwọn mìíràn sì kó ẹrù wọn kúrò nílùú, nítorí ìbẹ̀rù pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbi ìyàsọ́tọ̀ kò ní padà wálé àti pé àjèjì ni yóò sin òkú rẹ̀. Ó rọrùn fún àwọn ìwé ìjọba ìgbà náà láti pe èyí ní àìmọ̀kan, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọdún tó ṣáájú rẹ̀ tako wọn. Ní 1916 ni àwọn ará Èkó ṣe ìwọ́de lórí owó omi tí ìjọba gbé kà wọ́n lórí. Ní Abẹ́òkúta, oṣù Kẹfà sí Keje ọdún 1918 yìí gan-an ni Ogun Adùbí jà, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe lẹ́yìn tí Gómìnà Lugard ti gba òmìnira wọn ní 1914, tí wọ́n hú irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, tí ọmọ ogun ìjọba sì yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìjọba yìí kan náà ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ire wọn ni òun ń wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀ràn ìmọ̀ ìṣègùn nìkan. Ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní láti gbà kí a yẹ òun wò, ìgbàgbọ́ tí a kò sì gbìn nígbà àlàáfíà kì í hù nígbà àjàkálẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, tí wọn kò sì fẹ́ dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná, òrìṣà ìgbóná, àwọn ìlú ní òfin tiwọn: wọ́n a gbé aláìsàn lọ sí ẹ̀yìn odi tàbí inú igbó, ẹni tó ti ṣe é rí tó sì yè ló máa ń tọ́jú rẹ̀, àwọn olórìṣà nìkan ló ń sin òkú rẹ̀, wọn kì í sì lu ìlù tàbí pe àpèjọ nítòsí. Ohun tó burú ni pé kò sí ẹni tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ikọ́ àti ọ̀fìnkìn. Lójú Yorùbá, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ni ẹni tí a gbọ́dọ̀ lọ kí. Ẹni tó bá kọ̀ láti wọ yàrá aláìsàn kó jókòó tì í lórí ẹní ni wọ́n máa ń bínú sí. Ìwà ọmọlúàbí yìí gan-an ni àrùn náà ń gùn bí ẹṣin, láti yàrá dé yàrá, láti agbo ilé dé agbo ilé.

Bí ó ti rí nínú ilé ni ó rí lójú irin. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì di 1912 ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìddó ní òwúrọ̀ a máa dé Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì yóò kí gbogbo agbo ilé, yóò sì ná ọjà. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni otútù á tó mú un. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin gba àrùn náà bí ibùdókọ̀ ṣe tò tẹ̀léra wọn, láti ibẹ̀ ó sì gun òkè lọ sí Òkè Ọya. Ìlú tí kò ní irin, bí Ìjẹ̀bú-Òde, kò bọ́, torí pé ọjà Èjìnrìn lórí ọ̀sà so ó mọ́ Èkó. Àwọn onímọ̀ìtàn fi hàn pé irin tí ìjọba fi ń kó kòkó àti epo lọ sí etíkun ló gbé àrùn wá láti etíkun, ó sì yá ju bí ẹsẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìbá ti ṣe lọ.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó ní oògùn rẹ̀. Àwọn dókítà gbà nígbà náà pé bakitéríà kan tí ọmọ Jámánì tó ń jẹ́ Richard Pfeiffer rí ní 1892 ló ń fa àrùn náà, wọ́n sì ṣì í mú. Fáírọ́ọ̀sì ni, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò amúǹkan-tóbi wọn kò lè rí i, ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní London sì tó rí i mú lára ènìyàn. Penicillin, tó ìbá gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ òtútù àyà, kò tíì sí. Kíníìnì àti aspirin ni àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé, ẹ̀rí sì wà láti inú ìwádìí tí Karen Starko gbé jáde ní 2009 pé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, aspirin tí wọ́n ń fún aláìsàn lọ́jọ́ kan pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ, ó sì ṣeé ṣe kó dá kún ikú àwọn kan. Ilé-ìwòsàn náà kò tó nǹkan: lẹ́yìn ti Èkó, èyí tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895, àti ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà wà lára ìwọ̀nba tó wà fún àìmọye ènìyàn.

Nítorí náà, ilé ni ilé-ìwòsàn lúkúlúkú, àwọn ìyá sì ni nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ìkòkò àgbo ni wọ́n ń gbé ka iná, tí ewé ẹfinrin, koríko ọba àti ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú irú rẹ̀. Bó bá hó, wọ́n a sọ̀ ọ́ síwájú aláìsàn, wọ́n a fi aṣọ nípọn bo aláìsàn àti ìkòkò pọ̀, ooru a máa fẹ́ sí i lójú àti nímú, òógùn a sì máa ṣàn títí wọn yóò fi ṣí aṣọ kúrò, tí wọ́n á nù ún gbẹ, tí wọ́n á sì wé e sínú aṣọ mìíràn. Ooru àgbo kò lè pa fáírọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bọpo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń tú imú, ó sì ń mú kí aláìsàn rí èémí mí. Ohun tó gba ẹ̀mí là jù ni ohun tí kò sẹ́ni tó kà sí oògùn: omi tí wọ́n ń fún un mu lóru, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń fi ṣíbí rọ sí i lẹ́nu, àti ọwọ́ tó ń gbé e dìde nígbà tí ikọ́ bá fẹ́ dá a lẹ́mìí dúró. Níbi tí gbogbo ilé ti dùbúlẹ̀ pọ̀ ni ikú ti pọ̀ jù, torí pé kò sí ẹni tí yóò lọ pọnmi.

Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni ìdáhùn tó pẹ́ jù lọ sí àrùn náà ti jáde. Ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, nígbà tí ilé ìjọsìn wà ní títì, Joseph Shadare àti àwọn díẹ̀ mìíràn ń kóra jọ gbàdúrà. Sophia Odunlami, olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí lúkúlúkú ti dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, sì kéde pé òun gbọ́ ohùn kan pé àdúrà àti omi òjò ni ìwòsàn, kí àwọn ènìyàn sì pa oògùn ìbílẹ̀ àti ti Òyìnbó tì. Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922, lára orísun wọn sì ni ìjọ Aládùúrà tó di Christ Apostolic Church ti ṣàn jáde. Ẹni tó bá ń wo èyí bí ọ̀ràn ẹ̀sìn nìkan kò tíì rí i tán: nígbà tí dókítà kò ní oògùn, tí wolé-wolé sì ń dẹ́rù bani, àwọn aládùúrà lọ bá aláìsàn nínú ilé rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n sì fún un ní omi mu. Àṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo oògùn tì ni kò ṣeé gbè lẹ́yìn, nítorí pé nígbà tí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ dé lẹ́yìn náà, àṣẹ yìí ná àwọn kan ní ẹ̀mí wọn.

Ìwé ìjọba ka òkú bí 1,200 ní Èkó, nínú olùgbé tó lé díẹ̀ ní 80,000. Fún Nàìjíríà lápapọ̀, iye tí òpìtàn Don Ohadike fà yọ súnmọ́ 500,000 nínú bíi mílíọ̀nù 18, láàárín oṣù mẹ́fà. Iye ti Èkó ṣeé fọkàn tẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ òkú ti wà níbẹ̀ látijọ́. Ti àwọn ìletò jẹ́ ìṣirò, nítorí pé ẹni tí wọ́n sin sí ẹ̀yìnkùlé ní oko kò wọ ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní 2005, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà tún fáírọ́ọ̀sì 1918 tò láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó pa, títí kan obìnrin kan tí wọ́n sin sínú yìnyín ní Alaska, wọ́n sì rí i pé ó jọ ti ẹyẹ púpọ̀. Àrùn tí a mọ̀ sí lúkúlúkú adìyẹ lóko wa yàtọ̀ sí i nínú ẹ̀yà kòkòrò, síbẹ̀ àwọn tó fi orúkọ adìyẹ pe àrùn ènìyàn ní 1918 ti rí ohun kan kí awò tó rí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni ọ̀fìnkìn ẹyẹ fara hàn ní oko adìyẹ kan ní Kaduna, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007 sì ni obìnrin kan kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Èkó.

Èkó tún rí àyẹ̀wò ojúlé dé ojúlé ní 2014, nígbà tí Ebola bá ọkọ̀ òfuurufú wọlé ní ọjọ́ 20 oṣù Keje. Ènìyàn 20 ló mú, mẹ́jọ kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ṣe ìbẹ̀wò tó bí 18,500 sí ilé àwọn tó fara kan aláìsàn, láti bi wọ́n bí wọ́n ṣe jí àti láti wọn ooru ara wọn. Àrùn náà yàtọ̀ sí ọ̀fìnkìn, torí pé ẹni tó ní Ebola kì í kó o ran ẹlòmíràn kí ara rẹ̀ tó gbóná, èyí tó mú kí àyẹ̀wò ooru wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn tó kan ilẹ̀kùn kò bá ìwé ìtanràn wá, àwọn onílé sì ṣílẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Àwọn tó fojú rí ọdún lúkúlúkú ti lọ tán. Ohun tó kù ni ìwé ìsìnkú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, níbi tí orúkọ, ọjọ́ orí àti ọjọ́ ìsìnkú àwọn òkú oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá ọdún 1918 wà lójú ewé, pẹ̀lú ìtàn tí àwọn ìdílé gbọ́ lẹ́nu bàbá àti ìyá àgbà wọn. Kí àwọn ìjọ tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ yà á sórí kọ̀ǹpútà kí ikán tó jẹ ẹ́, kí àwọn ìdílé sì kọ orúkọ àwọn tiwọn tó bá lúkúlúkú lọ sílẹ̀.